Àwọn Orúkọ Tí Mo Jókòó Kọ

Ìwé tó ti tutù rí, tí wọ́n wá sá sóòrùn, ní òórùn kan tó máa ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú báàfù. Òórùn yẹn ló máa ń pàdé wa láràárọ̀ ní ọ́fíìsì káńsù wa l'Ájégúnlẹ̀, òun àti èéfín tírélà tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà Creek Road. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Ní báyìí, tó bá ti kan imú mi báyìí, inú mi á kàn bàjẹ́ ni.

Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fún káńsù wa lówó ìpalẹ̀mọ́ de pàjáwìrì, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ owó Àbújá, kì í dá wá, ó máa ń kó òfin dání ni. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé a ní ibi tí aráàlú lè sá sí, pé a ti kọ́ àwọn tó máa kó wọn jáde, àti pé a ní orúkọ gbogbo ẹni tí kò lè dá rìn jáde bí omi bá ya wọlé, òpópónà kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹni tó bá kọ orúkọ gbọ́dọ̀ dé ojúlé kọ̀ọ̀kan, kó sì fọwọ́ sí i pé òun fi ojú ara òun rí wọn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi rìn ín. Àwọn ilé tí yàrá kọjú síra wọn lọ́tùn-ún lósì yẹn, téèyàn bá wọ ọ̀kan, kò ní tètè jáde. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán máa fi kàn mí látàrí, òpópónà kan péré ni mo ṣì wà, mi ò sì tíì dé ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé ti pè mí, ó ní ṣé mo ti kọ orúkọ bàbá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ní bàbá náà fi èjìká ru ẹrù ní èbúté Àpápá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kọṣẹ́, kò sì tíì pẹ́ tó kó débẹ̀.

“Ẹ má ṣèyọnu, Mọ̀mi,” mo ní. “Màá padà wá lọ́la.”

Ọ̀la yẹn ni mo rántí pé ìwé àwọn arúgbó tí a fún ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní bí òjò méjì sẹ́yìn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnìkejì mi ní ọ́fíìsì, ọmọ àwọn ará Wàrí tí wọ́n bí sí Àmùkòkò, rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i lọ́wọ́ mi. “Na paper dem want,” ó ní. “Give dem paper.” Mo jókòó, mo da gbogbo orúkọ náà kọ, mo sì fọwọ́ sí i pé mo fi ojú ara mi rí wọn. Àfọwọ́fà gbáà. Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò láti Àbújá tiẹ̀ ní àkọsílẹ̀ tó mọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀rín yẹn ń tì mí dòní.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Kí ó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, omi kánààlì ti kún wọ òpópónà náà, ó ti mu wá dé itan. Èmi àti àwọn tí káńsù ti kọ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tí a fi owó Àbújá rà, a mú okùn dání, a sì fi ìwé orúkọ mi sínú nylon. Orúkọ àkọ́kọ́ ni ti ìyá àgbà kan. A kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí, a pè é títí, a wá fi èjìká já a. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlòmíì la bá nínú yàrá. Ẹnì kan ló yọjú lójú fèrèsé òkè, ó ní ìyá yẹn ti kú láti èṣí. Mo wo ìwé. Ìpẹ̀kun òpópónà lọ́hùn-ún ni orúkọ tó tẹ̀ lé e, la bá kọrí síbẹ̀.

Yàrá bàbá tí mi ò kọ orúkọ rẹ̀ kò ju ilẹ̀kùn mẹ́ta lọ sí ibi tí a dúró sí. Ìyá oníkẹrosíìnì ti lọ ra ọjà ní Àmùkòkò, omi sì ká a mọ́ ọ̀hún. Ọ̀sán pọ́n kó tó ráyè dé, yàrá bàbá ló sì gbà lọ tààrà. Irin ojú fèrèsé ni bàbá dì mú, omi ti dé ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ tó fi gbé ẹrù níjọ́sí ni kò jẹ́ kó rì. Ìyá náà pariwo pe àwọn ará ilé, wọ́n sì gbé e jáde.

Mo lọ bá a ní ọsibítù. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde.

“Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń kan ilẹ̀kùn aránṣọ yẹn,” ó ní. “Inú mi dùn. Mo ní èmi ló kàn, ìyẹn ni mi ò ṣe pariwo.”

Òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ sí Ìbàdàn, kò sì rí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e.

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Fáìlì náà ṣì wà, ó pé, ó mọ́, kò sì sí òfin kan níbẹ̀ tí ìbuwọ́lùwé mi kò bo. Nígbà tí mo padà sí òpópónà yẹn, mo tún sọ fún ìyá oníkẹrosíìnì pé màá padà wá lọ́la láti kọ orúkọ tuntun. Kò bú mi. Ó kàn gbójú sókè láti ìdí àgbá rẹ̀.

“Ọ̀la wo?” ó bi mí.

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti dé ẹnu mi lójúlé ẹnikẹ́ni, mo máa ń gbé e mì. Màá wọlé, màá dé yàrá ẹ̀yìn, màá wo ojú ẹni tó wà níbẹ̀, màá sì kọ orúkọ rẹ̀ kí n tó jáde. Ó ti pẹ́ jù fún bàbá, mo mọ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan.