Àgbò Mọ́kàndínlógún Aláwọ̀ Eérú

Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ológun padà sí bárékè ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Sàkà, ará Ìsẹ́yìn tó ń bá èèyàn tọ́jú àgbò ọdún ní Bàrígà. Ẹni tó bá tètè ra àgbò, tí kò sáyè ẹran nílé rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń so ó mọ́. Torí pé mo mọ̀wé kọ ni wọ́n ṣe gbà mí. Èmi ni n ó máa kọ àwọ̀ ẹran sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín.

"Ohun tí ọṣẹ ò lè fọ̀ kúrò ni kó o kọ," Bàbá Sàkà kìlọ̀ fún mi.

Wọ́n kọ́ mi pé abilà ni ẹran tó nílà lára, alámì lèyí tó ní àmì tótòtó, pupa rúsúrúsú sì lèyí tí pupa rẹ̀ ò mọ́lẹ̀. Mo fi ọ̀wọ̀ gbọ́, mo sì gbàgbé. Ọkọ̀ tó kó ẹran dé láti òkè Ọya ti fi eruku pa wọ́n láró. Nínú àgbò méjìlélógún, mo kọ "àwọ̀ eérú" fún mọ́kàndínlógún. Ìwé náà mọ́ tónítóní, inú mi sì dùn sí i.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọdún pé, a fọ gbogbo wọn. Eérú bá omi ọṣẹ lọ sínú gọ́tà. Funfun jáde, dúdú jáde, abilà jáde. Mo wo ìwé, mo wo ẹran, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta mọ́.

Alhaji kan, olùkọ́ láti Akoka, ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n mú okùn èyí tó sanra jù. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ ni Màmá Sikirá tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà, wọlé, wọ́n di ọkọ wọn lọ́wọ́ mú. Ojú Bàbá Sikirá ti fọ́ lọ́dún tó kọjá. Àgbò yìí làkọ́kọ́ tí wọ́n máa pa látìgbà náà.

"Àgbò wa nìyẹn," Màmá Sikirá sọ.

"Ìwé wọn ní eérú ni tèmi," Alhaji fèsì. "Ta ló lè ní kì í ṣe òun?"

"Ẹ dúró ná," Bàbá Sikirá dá sí i. "Imú ẹ̀ dúdú, ara ẹ̀ funfun. Pupa rúsúrúsú yí ojú òsì ẹ̀ ká. Àmì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ ìrù ẹ̀. Ìyàwó mi fi etí ìró nù ún lọ́jọ́ tá a rà á, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó."

Mo gbé ìrù àgbò náà sókè. Àmì náà wà níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo bàbá náà lójú, bí wọn ò tiẹ̀ rí mi. Alhaji fi okùn lé tọkọtìyàwó náà lọ́wọ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run gbà á. Alhaji wá yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, èwo wá ni tèmi?"

Wọ́n jókòó títí gbogbo oníbàárà fi mú tiwọn. Àgbò dúdú kan ló ṣẹ́kù. Wọ́n ní àwọn ò ra dúdú. Síbẹ̀, wọ́n mú un lọ.

Lọ́dún kejì, Bàbá Sikirá tún mú àgbò wá, wọ́n sì ní èmi ni kí n sọ bó ṣe rí fún àwọn. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sọ ọ́.

"Tún un sọ," ni wọ́n wí.

Mo tún un sọ.