Pósítà Òkú fún Alààyè

Ṣáájú ìbò tó ṣíwájú èyí tó kọjá yìí, nígbà tí ẹnu mi ṣì mú ju báyìí lọ, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan lágbègbè Ìdó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òmìnira ayàwòrán, mo fẹ́ sọ èyí tí mi ò sọ fún yín rí.

Ọnọrébù kan gbé ẹ̀rọ omi wá fún wa. Ó lẹ fọ́tò ara rẹ̀ gàgàrà mọ́ táǹkì náà, ó sì pe àwọn oníròyìn. Omi ṣàn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò, kò sì ṣàn kọjá ọ̀sẹ̀ kan. A kọ lẹ́tà títí. A wọ́de lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún wa ní omi inú ọ̀rá, nítorí ó dájú pé òùngbẹ ń gbẹ wá.

Ọmọ́wùmí wà nínú ẹgbẹ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ọ̀yẹ́, tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Opó ni ìyá rẹ̀, epo ló ń fọ̀ ní Ìfisìn. Ọmọ náà ya pósítà òkú fún ẹ̀rọ omi, irú èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni wa bá kú: táǹkì láàárín òdòdó, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ ikú rẹ̀, "Sùn un re o." Mo rẹ́rìn-ín títí, síbẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

"Ta ni yóò bínú nítorí táǹkì?" ni mo bi í. "Ojú ọkùnrin yẹn ni kí o fi síbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, alààyè ni. Ní ulé wa, a kì í ṣe é fún alààyè. Èpè ni."

"Ayàwòrán tó ń bẹ̀rù èèwọ̀? Kúkú máa ya fọ́tò ìgbéyàwó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó fi ojú náà síbẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Èmi ò kọ tèmi. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́ káàkiri, kó sì tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti dé orí fóònù láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìkọ̀lé.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọnọrébù kò wá bá wa jà. Wọ́n tẹ pósítà tiwọn, fọ́tò Ọmọ́wùmí láàárín òdòdó, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ní Ìfisìn. Ìyá náà kò mọ̀wé. Ó ń bọ̀ láti ibi tó ti ń se ẹyìn, ó rí ojú ọmọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó sì ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà fi sáré dé, àwọn aládùúgbò ti ń bá ìyá rẹ̀ sunkún. Ìyá náà di ọmọ mú, ó ń tẹ egungun rẹ̀ wò. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ìyá náà kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Wọ́n pe ìpàdé sílé olóyè kan ní Ìdó. Mo rò pé nítorí ìyà tó jẹ ìyá náà ni. Ọmọ́wùmí ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀, lójú ìyá rẹ̀ àti Ọnọrébù.

"Ta ló rán ọ ní uṣẹ́ yìí?" ni olóyè bi í.

Ọmọ́wùmí gbójú sókè. Ó wò mí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ forí jì í, bàbá. Ọmọdé ni. Kò sẹ́ni tó rán an, àìmọ̀kan ló ń ṣe é."

Ọnọrébù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gba ẹ̀bẹ̀ mi, kí ọmọ náà ṣáà ya àwòrán ọjọ́ìbí òun, kó dé òun ládé nínú rẹ̀. Ó yà á. Àwọn tó yin àwòrán yẹn pọ̀ ju àwọn tó yin gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yòókù lápapọ̀ lọ. Kò yàwòrán mọ́ láti ìgbà náà.

Kí la jèrè? Wọ́n tún ẹ̀rọ omi ṣe nígbà tí ìbò kù fẹ́ẹ́fẹ́, ó sì ń ṣàn títí dòní. Ọkùnrin náà wọlé. Èmi náà di ẹni tí à ń pè sórí pèpéle, tí à ń pàtẹ́wọ́ fún. Ìkà ni Ọnọrébù, mi ò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀tá ló hùwà ìkà sí. Ọmọ tó fọkàn tán mi ni èmi sẹ́ lójú ìyá rẹ̀.

Mo bá Ọmọ́wùmí pàdé ní Ìkọ̀lé lọ́dún kan, níbi tó ti ń ránṣọ. Mo ní mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ fún ìyá mi pé ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ojú Ọnọrébù síbẹ̀," ló wí, kò gbójú sókè. "Ó ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa àìsàn sí òun lára. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Mo ní màá lọ. Mi ò tíì lọ.

Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, ìyá náà máa ń fi díẹ̀ rán awakọ̀ sí mi. Iṣẹ́ kan náà ló máa ń rán an: "Bá mi kó uṣu yìí fún akọ̀wé tó bá ọmọ mi bẹ̀bẹ̀." Tọdún yìí dé ní Sátidé tó kọjá. Iṣu náà funfun, ó sì dùn. Mo ti jẹ méjì nínú rẹ̀.