Aṣọ Pupa Lójú Ọ̀sà Ìwàyà

Ariwo wọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí a tó fojú rí wọn rárá. A ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìrẹsì ṣì wà lórí iná, ni ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù lójú ọ̀sà, tí ìyá mi yóò sì sáré lọ ti fèrèsé. Ìwàyà ni à ń gbé nígbà náà, létí omi, lẹ́yìn Yaba. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ mi nílé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀.

Àwọn àlejò náà kì í ṣe ará Èkó. Nọ́ńbà ìpínlẹ̀ mìíràn ló wà lára àwọn jíìpù tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi wọn wá, ibi tí àwọn kan da iyanrìn sí ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa ni wọ́n sì ti ń tì í sómi. Ibi iyanrìn yẹn gan-an ló ń kọ wá lóminú. Lójú tiwa, ẹni tó bá ń da iyanrìn sómi, ilẹ̀ ló ń wá. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n wọ gíláàsì dúdú, wọn kì í kí ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fetí sílẹ̀ pé àwọn tó fẹ́ lé wa kúrò ló rán wọn. N kò ní ẹ̀rí kankan, àmọ́ ohùn mi le dáadáa.

Ọgbà ẹja bàbá mi ló ń dùn mí jù. Ẹ̀ka igi ló rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè sá síbẹ̀ kí wọ́n sì máa bímọ. A kì í fọwọ́ kàn án títí wọn ó fi dàgbà. Òun là ń jẹ, òun ló sì ń rán mi níwèé. Bàbá mi so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá yí i ká, nítorí gbogbo apẹja wa mọ̀ pé ibi tí aṣọ pupa bá wà, nǹkan oníǹkan wà nísàlẹ̀, kí ọlọ́kọ̀ yà fún un. Ṣùgbọ́n bí àwọn àlejò yìí bá ti rí aṣọ pupa, ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń sáré sí i. Wọn á dé ìdí ọ̀pá, wọn á yí i po, ìgbì á sì máa fa àwọn ẹ̀ka náà tu.

Nígbà tí a ṣèpàdé, baálẹ̀ ní kí a fi wọ́n sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúkú ń ta míníràlì tútù fún wọn. Ni mo bá dìde.

“Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ ò rí i ni? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni! Ẹ jẹ́ ká so aṣọ pupa púpọ̀ sí i.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. A fa ògbólógbòó ìró ìyá mi ya, a so ó káàkiri. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ tó wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń hó yèè.

Inú bí bàbá mi. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, èmi náà bẹ́ sí i, a tù ú lọ dí wọn lọ́nà. Ọ̀dọ́kùnrin kan pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Yorùbá Ìbàdàn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá wa so fúláàgì yẹn? Ẹ ṣé gan-an, sà. Òun la fi ń mọ ibi tá a ti máa kọ́nà tá a bá ń sáré ìje.”

Bàbá mi wojú mi. Ojú tì mí débi pé mo ń wo omi.

“Ẹja wa ló wà nísàlẹ̀ yẹn, ọmọ mi,” ni bàbá mi wí.

Ọ̀dọ́kùnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn kò mọ̀, pé àwọn kò rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò gba ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi ṣí ọgbà náà, ẹja tó kù níbẹ̀ kò bo ìdí apẹ̀rẹ̀. Kò ri igi mọ́. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló lọ gbà ní Àgùdà, ibẹ̀ ló sì ṣe títí tó fi dàgbà kọjá iṣẹ́.

Sùúrùlérè ni mò ń gbé báyìí, mo sì máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí ìpàdé yẹn. Mo gbà pé ọ̀dọ́kùnrin náà kò mọ̀ lóòótọ́. Ohun tí n kò tíì gbà títí dòní ni pé kò rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la dúró létí omi, tí à ń wò ó, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.