Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Bàbá Mi Kì Í Dárúkọ

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi fi ẹsẹ̀ lásán rin Rye Lane já láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, sùtánà funfun lọ́rùn wọn, àbẹ́là lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ti gbà mí láti wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Òtútù ọjọ́ náà ń gé ni létí, omi yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja dà sílẹ̀ sì ti ṣàn bo ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bàbá mi ò yà fún un. Màmá mi tẹ̀ lé wọn. Èmi náà tẹ̀ lé màmá mi, mo sì fi àyè sílẹ̀ dáadáa láàárín wa kí ènìyàn má baà mọ̀ pé ilé kan náà ni a ti jáde. Ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ó ní, "Rah, is that your dad?" Mo ní, "Nah, some man from church." Pétérù ṣẹ́ Olúwa rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ, èmi ṣẹ́ bàbá mi ní Peckham, níbi tí gbogbo àkùkọ ti wà nínú fíríìsà.

Àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n ìjọ wa máa ń ká sùtánà tiwọn sínú báàgì, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì bí ọmọlúàbí, ó di ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan nítòsí Old Kent Road ni ilé ìjọsìn wa, ọ̀nà náà kò sì sún mọ́ ilé. Ẹ̀jẹ́ ni bàbá mi jẹ́. Wọ́n ti ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá náà, èyí tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, bá lè gbà mí, àwọn yóò fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ilé wa dé iwájú pẹpẹ. Wọn ò bi mí kí wọ́n tó jẹ́ ẹ. Orí mi ni wọ́n fi jẹ́jẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ewúrẹ́ ni mí. Ó bí mi nínú nígbà náà, ó sì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló gbà mí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí a dé London, ìwé ìgbélùú wa kò sì tíì dàgbà tó èyí tí ìjọba máa ń torí rẹ̀ yá ọmọ lówó ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ẹ̀yáwó fún mi nìyẹn, iye tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá náà sì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni yóò gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ wo ìwà òfin! Nígbà tó kan owó orí, ọmọ ìlú ni àwọn òbí mi, ìjọba ń yọ ọ́ lóṣooṣù. Nígbà tó kan ìwé, a di àlejò. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì wà ní ìhà odò tiwa níbí, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni láti ìdí ilé wa. Kò lórúkọ, kò ní ilé ìṣọ́ àtijọ́, kò sí ọba tó kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ̀wé sí mi pé òun ní àyè fún irú wa tí ìjọba kì í yá lówó, òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi títí n ó fi jáde. Iṣẹ́ ẹnjiníà kan náà ni, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà kan náà ló fọwọ́ sí méjèèjì. Mo wò ó lọ́tùn-ún, mo wò ó lósì, mi ò rí ìdí tí ènìyàn fi máa lọ ta ẹran ara rẹ̀ láti fi ra orúkọ.

Bàbá mi rí ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ kò ju pé ọ̀fẹ́ kì í dára. Ọ̀rọ̀ kò di ìjà àfìgbà tí àgbà ìjọ kan, ọkùnrin tó ti wà ní London látìgbà tí wọ́n ń kọ́ North Peckham Estate, sọ fún wọn lẹ́yìn ìsìn pé poli ni ilé-ẹ̀kọ́ kejì yẹn tẹ́lẹ̀ kó tó di yunifásítì. Ẹni tó bá gbọ́ "poli" bí bàbá mi ṣe gbọ́ ọ, ọmọ Nàìjíríà ni. HND ni bàbá mi gbà ní poli nílé. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń ti yunifásítì bọ̀ ní iṣẹ́, kì í sì í pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi ń di ọ̀gá wọn, torí pé dìgírì wà lọ́wọ́ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, tí bàbá mi kọ́ bí a ṣe ń tú pọ́ǹpù, ló ń pè wọ́n ní "Baba HND" lójú àwọn òṣìṣẹ́ tó kù. Ìyẹn ló lé bàbá mi kúrò nílé. Wọ́n kó wa wá sí London, wọ́n di ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìtajà kan ní Surrey Quays, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè ìwé-ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo mọ gbogbo èyí nígbà náà, kò sì dín ìbínú mi kù.

"Ọmọ mi ò ní ṣe poli," ni bàbá mi wí. "Over my dead body. Ìyà tó jẹ mí ò ní jẹ ẹ́."

"Daddy, kì í ṣe poly mọ́! Wọ́n ti change ẹ̀ kí ẹ tó bí mi. Nobody even knows what poly is in this country."

"Nobody knows? Wọ́n mọ̀. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sí ẹ ni."

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú mi ti ń ru. Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Forest Hill. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde, àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, wọ́n á jókòó sórí àga ilé ìdáná, wọ́n á máa fi ìpara gbígbóná pa orúnkún òsì tó ti wú. Gbígbé àgbàlagbà dìde lórí ibùsùn ló fún wọn ní orúnkún yẹn. Ètò bàbá mi ni pé kí màmá mi wá iṣẹ́ ọ̀sán kún ti alẹ́, kí àwọn náà máa ṣọ́ ibòmíràn ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a sì yá èyí tó bá kù. "Ọdún mélòó náà ni?" ni wọ́n máa ń wí, bí ẹni pé orúnkún máa ń ka ọdún. Òwe wọn nígbà yẹn ni pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wọ́n gbàgbé pé orúkọ ẹni ni òwe yẹn ń sọ, kì í ṣe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ẹnikẹ́ni kò bi màmá mi ní nǹkan kan. Ohun tí mo ṣe ní tèmi ni pé mo dẹ́kun kíkúnlẹ̀ kí bàbá mi láàárọ̀. Mo ń kí wọn ní ìdúró, mo sì rò pé ogun ńlá ni mò ń jà yẹn. Bàbá mi ní òyìnbó ti wọ̀ mí lórí.

Báyìí la ṣe dé ilé ìjọsìn lọ́jọ́ ẹ̀jẹ́ náà, ẹsẹ̀ bàbá mi ti pọ́n. Wọ́n lọ síwájú, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n jẹ́rìí. Wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn yọ̀, pé ọmọ àwọn ti wọ "number one", ó di September. Ìjọ hó, agogo dún, àgbà ìjọ tó sọ̀rọ̀ poli lọ́jọ́sí sì pè mí kí n wá kúnlẹ̀ níbi tí àyè obìnrin mọ. Ó fi omi wọ́n mi lórí, ó ní ẹ̀jẹ́ ti di sísan, ẹni tó bá yẹsẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run ló ń bá ṣeré. Ojú mi ń gbóná. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi? Wọ́n ti fi Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Bí mo bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kejì báyìí, kì í ṣe bàbá mi nìkan ni mo kọ̀ sí lẹ́nu. Èmi ni ọmọ tó ba ẹ̀jẹ́ jẹ́, ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nílé wa láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀bi mi ni.

Ìgbà náà ni màmá mi dìde. Ní ìjọ wa, obìnrin kì í sún mọ́ pẹpẹ. Ibi tó bá jókòó sí ni á ti jẹ́rìí. Láàárín àwọn ìyá tó de ìbòrí funfun ni màmá mi ti sọ̀rọ̀, ohùn wọn ò sì lọ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí Daddy ò tíì tán o. Admission méjì l'Ọlọ́run fún ọmọ yìí. Ọ̀kan, a máa san owó tá ò ní. Ìkejì, wọ́n ní ká má san nǹkan kan. Àwa la gbààwẹ̀ o, pé k'Ọlọ́run ṣí ọ̀nà. Ó ṣí i tán, a wá ń sọ fún un pé ọ̀nà yẹn ò lórúkọ." Wọ́n wá yíjú sí bàbá mi. "Daddy, ẹ má bínú. Orúnkún mi ò lè gbé shift míì. Ẹ̀jẹ́ tí mi ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ ẹ, mi ò lè bá yín san án."

Àgbà ìjọ wúkọ́, ó ní kí akọrin gbé orin. Bàbá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àbẹ́là ń yọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìsìn parí, màmá mi fa bàtà bàbá mi yọ nínú báàgì, torí wọ́n ti bá wọn gbé e wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ò gbà á. Wọ́n tún fi ẹsẹ̀ lásán jáde. Èmi àti màmá mi wọ bọ́ọ̀sì. Màmá mi jókòó nísàlẹ̀ nítorí orúnkún wọn, èmi gun òkè lọ, ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi láti ojú fèrèsé, tí wọ́n ń dá rìn lọ nínú sùtánà, tí àwọn ènìyàn ń yà fún wọn. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an, bọ́ọ̀sì sì kọjá lára wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kejì ni mo lọ. Bàbá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n lórí oúnjẹ àti ilẹ̀ gbígbá nìkan. Lọ́jọ́ tí mo gboyè, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n wá, wọ́n sì ní a ò ní ya fọ́tò níbi tí gbogbo ayé ti ń yà á, níwájú pátákó tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n kó wa lọ sídìí igi kan. Igi náà ló wà nínú férémù ní pálọ̀ wa títí dòní, bí ẹni pé inú oko ni mo ti kàwé. Bí àwọn ará ìjọ bá bi wọ́n ní ibi tí mo ti jáde, wọ́n á ní, "London níbí náà ni." Láti gbogbo ọdún yìí, mi ò tíì gbọ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mi lẹ́nu bàbá mi rí.

Mò ń ṣiṣẹ́ báyìí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀gá mi tuntun, òyìnbó kan tí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ní kí n wá bá òun yẹ ìwé àwọn ọmọ tó ń wá iṣẹ́ wò. Ó ń pín wọn sí òkìtì méjì, òkìtì kan sì wà tí kò tilẹ̀ ṣí wò. Mo bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín. "Ex-poly," ló wí. Ilé-ẹ̀kọ́ mi wà nínú òkìtì náà. Mo ní, "That's where I went." Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun ò mọ̀, ó ní tèmi yàtọ̀. Kí ló fi yàtọ̀? Mo kó òkìtì náà sọ́dọ̀ ara mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo sì mú nínú àwọn ọmọ náà tí a ó pè wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé, kì í ṣe ọ̀gá mi ni mò ń rò. Bàbá mi ni. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n mọ̀, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Irú àwọn tó lé bàbá mi kúrò nílé ti dé ibí ṣáájú wa.

Mi ò sọ ọ́ nílé. Bí mo bá sọ ọ́, bàbá mi á rò pé àwọn jàre, mi ò sì lè dá wọn láre, nítorí mo mọ ẹni tí à bá fi orúnkún rẹ̀ san owó orúkọ yẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí wọn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ.

"Ṣé wọ́n ń respect ẹ níbi iṣẹ́?"

"Wọ́n ń respect mi, Daddy. Wọ́n ń respect mi gan-an."

Bàbá mi wò mí, wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n sì gbé ojú lọ sára fọ́tò abẹ́ igi. Inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi sí ọ̀gá mi, ó ń bí mi sí ọmọ tó ń pè wọ́n ní Baba HND, ó ń bí mi sí òfin tó sọ mí di àlejò, ó sì ń bí mi sí bàbá mi náà díẹ̀, torí pé wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ rìn. Ó ti di ìrọ̀lẹ́, àsìkò tí màmá mi máa ń gbé báàgì lọ sí Forest Hill láyé ìgbà yẹn. Wọ́n sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ jẹun. Màmá mi dìde lórí àga, wọ́n gba ilé ìdáná lọ, wọ́n bu oúnjẹ mi wá. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọn ò di ògiri mú.