Mùtíù Ní Kí N Má Sanwó Ọkọ̀ Náà

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò mutí rí láyé mi, ara mi sì le koko lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fi etí mi gbọ́, tí mo sì fi ojú mi méjèèjì rí, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìyàwó mi nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún tán pátá.

Niamey níbí ni, ní ilẹ̀ Niger. Ọdún ìdìbò ni, àwòrán àwọn tó ń du ipò ààrẹ kún gbogbo ògiri. Aṣọ ni mò ń tà ní Grand Marché, ṣùgbọ́n ọjà ò tà mọ́. Owó ilé oṣù mẹ́rin ni onílé wa ní Zongo ń béèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti lé àwọn ọmọ mi méjèèjì wálé láti ilé ìwé.

Mọ́tò nìkan ni mo rò pé ó lè yọ wá. Ráímì, ọmọ Nàgó kan tó máa ń bá èèyàn ra tòkunbọ̀ ní Kọ̀tọ́nù, bá mi rí Tòyótà kan tí mo lè fi ṣe takisí. Mo san ìdajì. Ó ní ìyókù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òun kí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ tó wọ̀. Bí kò bá dé, àwọn tó ni ọgbà ọkọ̀ máa tà á fún ẹlòmíràn, èyí tí mo ti san, ó lọ nìyẹn.

Ìyàwó mi ta gbogbo wúrà rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sunkún. Ó kàn fọwọ́ pa etí rẹ̀ níbi tí yẹtí ti kúrò, ó ní, "Ẹ lọ san án, Bàbá Ramọ́tù."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Petit Marché, níbi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni o, kì í ṣe òru. Èèyàn mẹ́ta wà níwájú mi. Obìnrin ẹ̀yà Zarma kan tó pọn ọmọ wà lẹ́yìn mi. Owó wà lápò jálábíà mi, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Nígbà tó ku ẹnì kan, òórùn káfúrà gbà mí nímú.

Ẹ̀yin náà mọ káfúrà, èyí tí a máa ń fi sí omi ìwẹ̀ òkú. Irun apá mi dìde.

Ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí mi létí ọ̀tún.

"Ọ̀rẹ́, má san án."

Mo mọ ohùn náà. Mùtíù ni. Èmi àti Mùtíù jọ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, a jọ gbé yàrá kan fún ọdún mẹ́fà. Ó ti pé ọdún méjì tó ti kú. Ọkọ̀ tó ń wà bọ̀ láti Kọ̀tọ́nù ló gbókìtì nítòsí Dosso. Èmi wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ti òwú bọ ihò imú rẹ̀.

Mi ò lè yíjú. Mo wo gíláàsì tó wà níwájú akọ̀wé. Ojú obìnrin tó pọn ọmọ yẹn ló yẹ kí n rí níbẹ̀. Mùtíù ni mo rí. Òwú ṣì wà nímú rẹ̀. Omi ń kán tó, tó, ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Jọ̀wọ́," ó ní. Ẹnu rẹ̀ ò sì ṣí. "Jọ̀wọ́, má san án."

"Músíọ̀, ó kàn yín," akọ̀wé pè mí ní Faransé.

Mo yí padà. Obìnrin yẹn náà ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ṣùgbọ́n omi wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀.

Mo sá jáde. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo sáré láàárín ọjà.

Nígbà tí mo délé, tí mo rò ó fún ìyàwó mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé Mùtíù ló máa wá san owó ilé?" Díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bóyá ọkọ̀ yẹn ì bá pa mí. Bóyá ó ń gbà mí là ni."

"Bóyá," ló wí.

Ráímì pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Oòrùn wọ̀.

Ọjọ́ kejì ni ojú mi wálẹ̀. Mo pe Ráímì. Ó ní ọkọ̀ ti lọ, ẹnì kan pe òun láti Niamey lọ́sàn-án Jímọ̀ yẹn gan-an, ó sì fowó ránṣẹ́ bí oòrùn ṣe wọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún sí i létí. Owó mi ò padà. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi, onílé àti oúnjẹ gbé e mì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà, takisí kan dúró tì mí lẹ́bàá ọjà. Sùlé, àbúrò Mùtíù, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń wà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé jàre. Ẹ ò ní sanwó."

Mo wọlé, mo bi í pé níbo ló ti rí ọkọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo sùn díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó wá bá mi lójú àlá. Ó ní kí n tètè pe Ráímì, Tòyótà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti bá mi bẹ ẹni tó fẹ́ rà á."

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Títí di òní, mi ò sọ ohun kan fún Sùlé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òun ló ń bọ́ àwọn ọmọ Mùtíù. Ọkọ̀ yẹn ò sì tíì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo bi ààfáà méjì. Ọ̀kan ní àlùjọ̀nnú ni. Èkejì ní kí n má tún bi òun mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ sanwó ohun tí gbogbo ilé yín gbójú lé, tí ẹni yín tó ti kú bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má san án, ẹ má sá bíi tèmi. Ẹ dúró, kí ẹ bi í pé nítorí ta ni.

Èmi ò bi í. Mo rò pé nítorí tèmi ni.