Akọpẹ Òde-Ayé ní Etíkun Gíríìkì

Ohun méjì ni akọpẹ ń bẹ̀rù: kí igbà já, tàbí kí agbọ́n jáde láti orí ọ̀pẹ. Igbà kò já mọ́ Ambrose Mákánjúọlá lára rí. Agbọ́n ló fojú rẹ̀ rí nǹkan. Lẹ́yìn Òde-Ayé, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ló ti já bọ́ láti orí ọ̀pẹ kan tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní àkùkọ ráyè kọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kan ilẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ méjì dá. Rose, ìyàwó rẹ̀, tọ́jú rẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde rìn, Rose mú igbà rẹ̀, ó fi há àjà.

"Bàbá Helen, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. N ò lè torí ẹyìn di opó."

Bí Ambrose ṣe dèrò Èkó nìyẹn, ní ọdún 1965. Ní Àpápá, akọ̀wé kan ń gba ènìyàn sínú ọkọ̀ òkun àwọn ará Gíríìkì kan tó ń kó gẹdú lọ sí òkè òkun. Ìlàjẹ nìkan ni akọ̀wé náà ń wá. Ó ní àwọn Ìlàjẹ, orí omi ni wọ́n ń bí wọn sí, òkun kì í bà wọ́n lẹ́rù.

"Níbo lo ti wá?"

"Apá Òkìtìpupa, sà."

"Ìlàjẹ ni ọ́ nìyẹn."

Akọ̀wé kò mọ̀ pé apá Òkìtìpupa ní igbó, ó sì ní omi, àti pé ará igbó ibẹ̀ kì í ṣe ará omi. Ó yẹ kí Ambrose là á yé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tó ti ń tò síwájú ilé iṣẹ́ náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ín sí ìlú onílùú.

Torí pé Ambrose kò mọ̀ wẹ̀ rárá. Omi tó jìn jù tó wọ̀ rí láyé rẹ̀ ni èyí tí pásítọ̀ fi ṣe ìrìbọmi fún un, díákónì méjì ló sì dì í mú níbẹ̀ kó má baà sá gòkè.

Orí ire, ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí nínú ọkọ̀. Àlùbọ́sà ló ń bó, kò sì súnmọ́ etí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Ìlàjẹ gidi kan wà níbẹ̀, Àjíṣafẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó lè wà lábẹ́ omi títí tí wọn yóò fi máa ronú ẹni tí yóò jogún aṣọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn méjèèjì jọ ń wẹ̀ nínú balùwẹ̀ ọkọ̀, Àjíṣafẹ́ sì rí ìbàdí Ambrose, níbi tí igbà ti há a lára fún ọdún méjìlá, tí awọ ibẹ̀ ti yi bíi bàtà.

"Kí ló ha ọ́ níbàdí báyìí?"

"Okùn àwọ̀n ni."

"Okùn àwọ̀n." Àjíṣafẹ́ da omi sórí. "Ẹja tí ẹ ń pa lọ́dọ̀ yín, ṣé orí igi ló ń sùn ni?"

Ambrose bu omi sójú.

"Ìlàjẹ ibo lo tilẹ̀ pe ara ẹ?"

"Ibi tó jìnnà sómi díẹ̀."

"Ìlàjẹ tó jìnnà sómi. Ará Ìkálẹ̀, mo ti mú ọ." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí ọ̀gá bá gbọ́, èbúté tó bá kàn ni yóò já ọ sí, ìwọ àti ẹrù rẹ. Ẹnu mi kọ́ ni yóò ti gbọ́. Ṣùgbọ́n máa gbàdúrà kí omi má bi ọ́ léèrè."

Láti ọjọ́ náà, oorun Ambrose kò tó nǹkan mọ́.

Ọ̀gá ọkọ̀ wọn, ọmọ erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìkì ni. Ó kan àwòrán etíkun kan mọ́ orí ibùsùn rẹ̀ bí ẹni kan àwòrán ìyá rẹ̀. Ó ní etíkun náà lókìkí káàkiri ayé, pé iyanrìn rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, pé àwọn olówó ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní erékùṣù náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ní òun yóò mú àwọn ènìyàn òun lọ síbẹ̀ lọ jẹ àgùntàn sísun.

Ambrose bi í pé báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí.

"Kò lọ́nà," ni ọ̀gá wí, inú rẹ̀ sì dùn láti wí i. "Àpáta ló yí i ká lẹ́yìn, òkun ló wà níwájú. Ọkọ̀ kékeré nìkan ló ń débẹ̀."

Ambrose padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀.

Ènìyàn mọ́kànlá ló kó sínú ọkọ̀ kékeré náà, pẹ̀lú bàbá arúgbó tó ń tù ú. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù ni, tí wọ́n fi páànù lẹ̀ lápá òsì, ìṣó kan sì yọrí lára páànù náà. Ambrose ń wo ìṣó yẹn. Ó ń rò ó pé bí ìṣó yìí bá yọ, páànù á ṣí. Bí páànù bá ṣí, omi á wọlé. Bí omi bá wọlé, Rose á di opó, kì í sì í ṣe nítorí ẹyìn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀, gbogbo wọn bẹ́ sómi, wọ́n ń kígbe bí ọmọdé.

"Ìlàjẹ," ni ọ̀gá pè láti inú omi, "o ò bẹ́?"

"Ìkòkò wà lọ́wọ́ mi, sà."

Ó gbá ìkòkò mọ́ra títí ìdí ọkọ̀ fi kan iyanrìn. Àwọn yòókù ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń gbójú sókè wo àpáta, wọ́n ń pariwo pé ohun tí ojú àwọn rí yìí, àwọn á sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ. Ambrose kọ ẹ̀yìn sí àpáta. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ búlúù náà títí ẹran fi jóná lápá kan.

Kò pẹ́ tí wọ́n jẹun tán ni afẹ́fẹ́ yí padà. Bàbá arúgbó wo òkun, ó sọ nǹkan kan ní èdè wọn, ó sì tu ọkọ̀ jáde kí ìgbì má baà fọ́ ọ mọ́ àpáta. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo wọn ní láti lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a.

Ìgbì kìíní pa iná. Èkejì gbé ìkòkò lọ. Ẹ̀kẹta ga tó ọ̀pẹ tí Ambrose já bọ́ láti orí rẹ̀. Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, kó lọ bi òkun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bẹ́ sómi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀gá tilẹ̀ ń bú Ambrose láti inú ọkọ̀, ó rò pé fáàrí ló ń ṣe, pé ó fẹ́ gbẹ̀yìn gbogbo wọn kó lè fi hàn pé Ìlàjẹ ni òun.

Ó ku òun nìkan. Iyanrìn tó funfun bí ẹ̀kọ náà kò sí mọ́. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé itan rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti àpáta, àpáta tutù bí òkú. Ó pariwo pé òun kò mọ̀ wẹ̀, afẹ́fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ó rò ó pé bí òun bá kú síbí, ta ni yóò mọ ọ̀nà Òde-Ayé tí yóò lọ sọ fún Rose?

Nígbà náà ni orí kan yọ lójú omi níwájú rẹ̀. Àjíṣafẹ́ ni, ó ti ta okùn láti inú ọkọ̀ mọ́ ìbàdí.

"Ará Ìkálẹ̀, omi ti bi ọ́ léèrè. Gùn mí lẹ́yìn, wọn á fà wá."

Eyín Ambrose ń gbá ara wọn. "Ta ló ta kókó yìí?"

"Èmi ni. Ó ṣe jẹ́?"

"Kò dáa."

"Ikú ń bọ̀, o ń yẹ kókó wò?"

"Akọpẹ kì í gun igbà tí kì í ṣe òun ló so ó."

Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan okùn, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tú kókó Àjíṣafẹ́, ó so àwọn méjèèjì pọ̀ níbàdí bí wọ́n ṣe ń so igbà, ó fẹ̀yìn tì í lẹ́ẹ̀mẹta láti fi dán an wò. Lẹ́yìn náà ó dijú. Ìgbì gbé wọn.

Abẹ́ omi ni wọ́n wà ju òkè lọ. Omi wọ imú rẹ̀, ó wọ etí. Nǹkan kan gbá wọn gbàmù, Àjíṣafẹ́ sì dẹ̀ lójijì, ó wúwo bí ìdì ẹyìn. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ambrose kò mọ ohun tí òmùwẹ̀ ń ṣe, ohun tí akọpẹ ń ṣe nìkan ló mọ̀: ó gbá okùn mú, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Kókó náà kò yọ̀.

Nígbà tí wọ́n fà wọ́n sínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí Àjíṣafẹ́, ó ń bi omi. Bàbá arúgbó gbìyànjú láti tú kókó tó so wọ́n pọ̀, kò lè tú u. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé okùn.

Ọ̀gá yíjú sí Ambrose. "Irú Ìlàjẹ wo nìwọ?"

Àjíṣafẹ́ gbórí sókè. "Ìlàjẹ ni, sà. Àbúrò mi ni."

Ambrose wo òkun. Ó rí i pé bí òun bá jẹ́ Ìlàjẹ lónìí, wọn yóò tún ní kí òun bẹ́ sómi lọ́la.

"Ó ń dáàbò bò mí ni, sà. Ará Òde-Ayé ni mí. Ọ̀pẹ ni mo mọ̀, n ò mọ omi. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ já mi sí, bó bá ṣáà ti jẹ́ ilẹ̀."

Ọ̀gá mú kókó tí wọ́n gé náà, ó ń yí i lọ́wọ́ títí wọ́n fi dé inú ọkọ̀ ńlá. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí wọ́n gba ọ̀bẹ àlùbọ́sà lọ́wọ́ Ambrose: òun ni yóò máa so ẹrù mọ́lẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ọdún márùn-ún ló fi so gẹdú nínú ọkọ̀ náà, igi kan kò sì já bọ́.

Ó ti padà sí Òde-Ayé lọ́dún 1972, nígbà tí olùkọ́ kan, Mísì Mildred, mú ìwé kan tó ní àwòrán wá bá a lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

"Bàbá Helen, àwọn èèyàn ní ẹ ti dé etíkun yìí rí. Ṣé ó lẹ́wà bí wọ́n ṣe yà á?"

Ambrose wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Àpáta gìrìwò, omi tó mọ́ gaara, iyanrìn funfun.

"N ò dé ibí yìí rí."

"Orúkọ rẹ̀ nìyí o, bàbá."

Rose, tó ń ṣa ẹyìn nítòsí, ní, "Ẹ wò ó dáadáa."

Nígbà náà ló rí ọkọ̀ kékeré búlúù kan ní igun àwòrán. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìbàdí fúnra rẹ̀, ó ń wá okùn.

"Ọkọ̀ yẹn," ló wí jẹ́jẹ́. "Apá òsì rẹ̀ ni páànù wà. Ìṣó kan yọrí lára rẹ̀. Ẹ pa ìwé yẹn dé, Mísì."