Ajá Tó Gba Ìpín Nínú Àwọ̀n

Ẹsẹ̀ iwájú òsì rẹ̀ ká kò bí ọwọ́ ẹni tí òtútù ń mú. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe bí i. Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá ní Àgbádárìgì wò ó títí, ó ní ẹsẹ̀ náà kò ní í nà láéláé. Ajá náà ń jẹ bàtà dókítà lábẹ́ tábìlì ní tirẹ̀.

Tíṣà ni mí, ọmọ Èkìtì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gbèréfù, níbi tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé, tí òkun wà níwájú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló gbé ajá náà wá fún mi nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́. Avún ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ajá lédè Ẹ̀gùn, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Háà, eré ìrọ̀lẹ́ nígbà náà! Kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò pé. Á lé akàn dé etí omi. Bó bá fẹ́ yà sí òsì, á fi imú gún yanrìn, á sín, á tún gbéra. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Àárò ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ń sọ mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ó ní eyín, kò sì ní ìtìjú. Bàbá onílé mi ló ni àwọ̀n ńlá tí gbogbo abúlé máa ń fà láti etíkun. Lọ́jọ́ kan ó sá a síwájú ilé kó lè gbẹ. Kí n tó ti ilé ìwé dé, Avún ti jẹ ihò kan sí i tí orí mi lè wọ̀.

"Tíṣà," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Ẹnu tí kò ṣiṣẹ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, gbé e sọdá ọ̀sà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Màá bá yín tún àwọ̀n náà ṣe."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ àwọ̀n? Ajá ni mo ń wí."

Inú bí mi. Mi ò mọ inú bíbí í fi pamọ́. Mo wọlé, mo gbá ilẹ̀kùn pa gbàmù, mo sì sunkún. Sọdá síbo? Ọ̀nà márosẹ̀ ló wà ní òdìkejì, ajá tí kò lè yà sí òsì kò ní í pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo so ó mọ́ ìdí àgbọn, mo lọ bá wọn fa àwọ̀n, bóyá bí bàbá bá rí òógùn mi, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ní Gbèréfù, ẹni tó bá di okùn mú nígbà tí àwọ̀n bá gúnlẹ̀ ló ní ìpín, ì báà jẹ́ àlejò. Gbogbo yín á sì di okùn náà mú títí bàbá á fi gbé agbọ̀n ẹja kọjá. Okùn ló ń wò, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Bí o bá fi sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó parí nìyẹn.

Àwọ̀n ti gúnlẹ̀ tán nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Avún ti já ohun tí mo fi so ó. Ó ti fi eyín di ìdí okùn àwọ̀n mú, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ta yanrìn, ó ń kùn, ó ń fà.

"Yéè, ajá yìí fẹ́ pa mí!" Mo fi okùn sílẹ̀, mo sáré lọ mú un. Kò gbà. Bí mo ṣe ń fà á nírù ni bàbá dé pẹ̀lú agbọ̀n.

Bàbá wo okùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹja sáwá méjì síwájú Avún, ó sì kọjá lára mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

"Ajá tíṣà gba ẹja, tíṣà gba yẹ̀yẹ́!" Obìnrin kan ló pariwo bẹ́ẹ̀, gbogbo etíkun sì bú sẹ́rìn-ín. Mo sáré tẹ̀ lé bàbá. "Ọjọ́ Àìkú ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹni tí mo bá ti pín ẹja fún, ṣé mo tún lè lé e?"

Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn tútù, mo dúpẹ́ dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àwọ̀n tí wọ́n fà tí Avún kò sí níbẹ̀, ọdún méjì gbáko. Nígbà tí ìwé dé pé wọ́n ti gbé mi lọ sí Ìkòròdú, mo sọ fún bàbá pé èmi àti ajá mi ń lọ.

"Ajá ta ni?" ó ní. "Ìwọ ni wọ́n kọ̀wé sí, Tíṣà. Wọn ò kọ̀wé sí apẹja mi."

Inú tún bí mi. Ṣebí èmi ni mo tọ́ ọ? Mo pinnu pé màá gbé e sá lọ. Ọkọ̀ ti ń dúró dè mí lẹ́bàá ọ̀sà nígbà tí mo sáré lọ sí etíkun. Àwọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ni. Ó wà ní ìdí okùn.

"Avún!"

Ó ju ìrù. Mo tún pè é. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí, ó ń ju ìrù títí gbogbo ìdí rẹ̀ fi ń mì, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Bàbá sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n. Bí mo bá fà á kúrò lásìkò yẹn, ìpín rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mi ò fà á. Mo sunkún gba àárín àgbọn lọ wọ ọkọ̀.